Tábìlì Góòlù: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Tọ́jú Èsì Bọ́ọ̀lù

Ǹjẹ́ o ti jókòó ti ọpọ́n ayò rí? Bí ìwọ fúnra rẹ kò bá tíì ta ayò, ó dájú pé o ti rí àwọn àgbà tí wọ́n ń ta á lábẹ́ igi tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Ọpọ́n ayò ní ojú méjìlá. Mẹ́fà wà ní ọ̀dọ̀ ọ̀tayò kan, mẹ́fà sì wà ní ọ̀dọ̀ èkejì. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni a ń kó sínú ojú kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48.

Wò ó báyìí. Bí mo bá sọ fún ọ pé, "Ka ọmọ ayò tí ó wà nínú ojú kẹta," ìwọ yóò bi mí pé, "Ojú kẹta ti ta ni?" Òótọ́ ni o sọ, nítorí pé ojú kẹta kan wà ní ọ̀dọ̀ rẹ, òmíràn sì wà ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ jọ ń ta. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Ìlà kejì, ojú kẹta," ọwọ́ rẹ yóò lọ tààrà sí ibẹ̀. Nọ́ḿbà méjì ni a nílò kí a tó lè tọ́ka sí ojú kan ṣoṣo lórí ọpọ́n: nọ́ḿbà ìlà àti nọ́ḿbà ojú.

Àwọn tí wọ́n ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà náà máa ń ṣe irú ọpọ́n yìí sínú kọ̀ǹpútà. Array ni wọ́n ń pè é. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a fi nọ́ḿbà méjì tọ́ka sí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a óò kọ́. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, tábìlì ni a óò máa pè é. Ìlà tí ó lọ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún ni ìbú. Èyí tí ó wá láti òkè sí ìsàlẹ̀ ni òòró.

Kí ni a óò kó sínú tábìlì náà? A kò ní kó ọmọ ayò sí i. Góòlù ni a óò kó sí i.

Ní ọdún 1994, Nàìjíríà lọ sí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbá a. Orílẹ̀-èdè 24 ni ó kópa níbẹ̀, a sì pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, mẹ́rin mẹ́rin. Ọ̀wọ́ D ni Nàìjíríà wà, pẹ̀lú Bùlgáríà, Ajẹntínà àti Gíríìsì. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò bá àwọn mẹ́ta yòókù gbá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ni ó wáyé nínú ọ̀wọ́ náà.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, Nàìjíríà na Bùlgáríà ní 3 sí 0 ní ìlú Dallas. Ràṣídì Yẹkínì, ẹni tí àwọn ará Ìbàdàn ti mọ̀ dáadáa nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Shooting Stars, ni ó gbá góòlù kìíní wọlé. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú Ife Àgbáyé nìyẹn. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, ó ń sunkún ayọ̀, gbogbo ayé sì ń wò ó. Daniel Amokachi àti Emmanuel Amunike ni wọ́n gbá méjì yòókù. Ní ọjọ́ kan náà, Ajẹntínà na Gíríìsì ní 4 sí 0. Ní ọjọ́ 25, Ajẹntínà na Nàìjíríà ní 2 sí 1. Ní ọjọ́ 26, Bùlgáríà na Gíríìsì ní 4 sí 0. Ní ọjọ́ 30, wọ́n gbá méjì tí ó kẹ́yìn: Nàìjíríà na Gíríìsì ní 2 sí 0, Bùlgáríà sì na Ajẹntínà ní 2 sí 0.

Ta ni ó ṣe ipò kìíní nínú wọn? Má tíì dáhùn o. Tún èsì náà kà. Nàìjíríà borí lẹ́ẹ̀mejì. Bùlgáríà borí lẹ́ẹ̀mejì. Ajẹntínà náà borí lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì pàdánù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1994 yìí ni Ife Àgbáyé kọ́kọ́ fún ikọ̀ tí ó bá borí ní pọ́ìǹtì 3. Ṣáájú àkókò náà, 2 ni wọ́n ń fún un. Ikọ̀ tí ó bá ta ọ̀mì gba 1, èyí tí ó bá pàdánù kò gba nǹkan kan. Nítorí náà, Nàìjíríà ní pọ́ìǹtì 6, Bùlgáríà ní 6, Ajẹntínà ní 6. Góòlù tí wọ́n gbá wọlé ńkọ́? Kà á: 6, 6, 6. Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀!

Ká ní ẹnì kan wà tí ó ń tọ́jú èsì, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé àròpọ̀ nìkan ni ó ń kọ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ohun tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ ni pé Nàìjíríà ní pọ́ìǹtì 6, ó gbá góòlù 6 wọlé, wọ́n sì gbá 2 sínú àwọ̀n rẹ̀. Bùlgáríà ní pọ́ìǹtì 6, ó gbá 6 wọlé, wọ́n gbá 3 sínú àwọ̀n rẹ̀. Ajẹntínà ní pọ́ìǹtì 6, ó gbá 6 wọlé, wọ́n gbá 3 sínú àwọ̀n rẹ̀. Ẹni yìí lè sọ pé Nàìjíríà ni kìíní, nítorí pé bí a bá yọ 2 kúrò nínú 6, ó ku 4. Ti àwọn méjì yòókù ku 3. Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣe ipò kejì? Ìwé rẹ̀ kò lè dá a lóhùn. Òfin ìdíje ọdún náà sọ pé bí ikọ̀ méjì bá dọ́gba ní pọ́ìǹtì àti ní góòlù, kí a wo èsì ìgbà tí àwọn méjèèjì pàdé ara wọn. Ẹni yìí kò sì kọ ìyẹn sílẹ̀. Ó ti po gbogbo góòlù pọ̀. Nígbà tí a bá ti da ṣúgà sínú gàrí, tí a bu omi sí i, ta ni yóò tún ṣa ṣúgà náà sọ́tọ̀?

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ lo tábìlì. A óò fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà: Nàìjíríà ni 1, Bùlgáríà ni 2, Ajẹntínà ni 3, Gíríìsì ni 4. A óò kọ orúkọ wọn sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, a óò sì tún kọ nọ́ḿbà wọn sí òkè rẹ̀. Yà á sínú ìwé rẹ báyìí:

                  1    2    3    4
1  Nàìjíríà       –    3    1    2
2  Bùlgáríà       0    –    2    4
3  Ajẹntínà       2    0    –    4
4  Gíríìsì        0    0    0    –

Jẹ́ kí a sọ orúkọ tábìlì yìí ní G, nítorí góòlù. Bí a bá kọ G(1,2), ìbú kìíní, òòró kejì ni à ń sọ. Nọ́ḿbà àkọ́kọ́ ni ti ikọ̀ tí ó gbá góòlù wọlé. Nọ́ḿbà kejì ni ti ikọ̀ tí wọ́n gbá a sínú àwọ̀n rẹ̀. G(1,2) jẹ́ 3: Nàìjíríà gbá 3 sínú àwọ̀n Bùlgáríà. G(2,1) jẹ́ 0: Bùlgáríà kò rí nǹkan kan gbá sínú àwọ̀n Nàìjíríà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo, ojú méjì ni ó gbà nínú tábìlì. Kíyè sí i gan-an pé ìbú ni a kọ́kọ́ ń pè kí a tó pe òòró. Bí o bá pa wọ́n dà, o ti sọ ẹni tí ó borí di ẹni tí ó pàdánù, inú àwọn ará Bùlgáríà nìkan ni yóò sì dùn sí ọ.

Fi ìka rẹ tẹ̀ lé ìbú kìíní láti òsì dé ọ̀tún: 3, 1, 2. Ro wọ́n pọ̀, 6 ni. Gbogbo góòlù tí Nàìjíríà gbá wọlé nìyẹn. Nísinsìnyí, fi ìka rẹ tẹ̀ lé òòró kìíní láti òkè dé ìsàlẹ̀: 0, 2, 0. Góòlù 2 yìí ni àwọn ẹlòmíràn gbá sínú àwọ̀n Nàìjíríà. Ṣé o rí i pé a kò kọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì? Nọ́ḿbà kan náà tí ó jẹ́ ayọ̀ fún ẹni tí ó wà lórí ìbú ni ó jẹ́ ìbànújẹ́ fún ẹni tí ó wà lórí òòró.

Ṣe ti àwọn yòókù bẹ́ẹ̀. Ìbú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fún ọ ní 6, 6, 6 àti 0. Òòró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fún ọ ní 2, 3, 3 àti 10. Ro ti àkọ́kọ́ pọ̀, 18 ni. Ro ti èkejì pọ̀, 18 náà ni. Ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo góòlù tí ẹnì kan bá gbá, àwọ̀n ẹlòmíràn ni ó wọ̀. Bí àròpọ̀ méjèèjì kò bá dọ́gba, ìwọ ni o ṣi í rò.

Ó yá, jẹ́ kí a gbé iṣẹ́ yìí fún kọ̀ǹpútà. Èdè tí a óò fi bá a sọ̀rọ̀ ni BASIC. Àwọn olùkọ́ méjì, John Kemeny àti Thomas Kurtz, ni wọ́n ṣe é ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìṣirò púpọ̀ náà lè lo kọ̀ǹpútà. Èdè mìíràn pọ̀ lónìí, irú bíi Python, àwọn ènìyàn sì ń lò wọ́n ju BASIC lọ. Mo yan BASIC nítorí pé ọmọdé lè kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Bí kọ̀ǹpútà kò bá sí nítòsí rẹ, má ṣe bínú. Mú pẹ́ńsù àti bébà, kí ìwọ fúnra rẹ jẹ́ kọ̀ǹpútà, kí o máa ṣe ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan wí.

10 DIM G(4,4)
20 FOR I = 1 TO 4
30 FOR J = 1 TO 4
40 READ G(I,J)
50 NEXT J
60 NEXT I
70 DATA 0,3,1,2
80 DATA 0,0,2,4
90 DATA 2,0,0,4
100 DATA 0,0,0,0

Ìlà 10 ni ó gbẹ́ ọpọ́n. Ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé a fẹ́ tábìlì tí ó ní ìbú mẹ́rin àti òòró mẹ́rin. I dúró fún ìbú. Ìbá dára kí O dúró fún òòró, ṣùgbọ́n O jọ òdo jù, yóò sì dà wá lójú rú. J ni a lò dípò rẹ̀. Ìlà 20 dé 60 ni ó ń kó góòlù sínú ọpọ́n. Wo bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin àgbàdo: yóò dúró sí poro kìíní, yóò máa gbìn lọ títí dé òpin rẹ̀, kí ó tó bọ́ sí poro kejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Ó dúró sí ìbú 1, ó lọ láti òòró 1 dé òòró 4. Ó bọ́ sí ìbú 2, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òòró 1. READ ni gbígbìn, DATA ni apẹ̀rẹ̀ tí irúgbìn wà nínú rẹ̀. Níbi tí a fi àmì – sí nínú tábìlì wa, a fi 0 sí i níhìn-ín, nítorí nọ́ḿbà nìkan ni G lè gbà.

Apá kejì nìyí:

110 FOR I = 1 TO 4
120 LET W = 0
130 LET K = 0
140 LET P = 0
150 FOR J = 1 TO 4
160 IF I = J THEN 210
170 LET W = W + G(I,J)
180 LET K = K + G(J,I)
190 IF G(I,J) > G(J,I) THEN LET P = P + 3
200 IF G(I,J) = G(J,I) THEN LET P = P + 1
210 NEXT J
220 PRINT I, P, W, K, W - K
230 NEXT I
240 END

W ni góòlù tí ikọ̀ kan gbá wọlé, K ni èyí tí wọ́n gbá sínú àwọ̀n rẹ̀, P ni pọ́ìǹtì. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, a sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di òdo, bí ẹni fọ igbá kí ó tó tún bu nǹkan mìíràn sí i. Ìlà 170 ń rìn lórí ìbú. Ìlà 180 yí I àti J padà, nítorí náà òòró ni ó ń rìn lé. Ìlà 190 fi ojú méjì wéra: bí mo bá gbá ju èyí tí o gbá lọ, mo gba 3. Ìlà 200 ni ti ọ̀mì.

Ìlà 160 kúrú, ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ kí o wò jù. Ó ní bí I bá dọ́gba pẹ̀lú J, kí kọ̀ǹpútà fò lọ sí ìlà 210. Kí ni ìdí rẹ̀? Nàìjíríà kò bá Nàìjíríà gbá. Ìwọ mọ èyí, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá yọ ìlà 160 kúrò, kọ̀ǹpútà yóò dé G(1,1), yóò fi wé G(1,1), yóò rí i pé wọ́n dọ́gba, yóò sì sọ pé, "Ọ̀mì ni, gba pọ́ìǹtì 1." Nàìjíríà yóò wá ní 7. Gíríìsì tí ó pàdánù ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí kò gbá góòlù kan wọlé, yóò ní pọ́ìǹtì 1 tí kò ṣiṣẹ́ fún.

Èsì tí kọ̀ǹpútà yóò kọ síta nìyí:

1   6   6    2     4
2   6   6    3     3
3   6   6    3     3
4   0   0   10   -10

Ìlà kejì àti ìkẹta rí bákan náà, bí ìbejì. A ti padà dé ibi tí ẹni tí ó kọ àròpọ̀ nìkan dúró sí. Ṣùgbọ́n àwa ṣì ní tábìlì G lọ́wọ́, kò sí ohun tí a dà nù nínú rẹ̀. A lè bi í ní ìbéèrè tuntun láìtún lọ wá èsì kankan. Ìwọ wo G(2,3), kí o sì wo G(3,2). 2 àti 0 ni. Bùlgáríà na Ajẹntínà, Bùlgáríà ni kejì. Fi ìlà kan yìí kún ètò náà:

235 IF G(2,3) > G(3,2) THEN PRINT "BULGARIA NI KEJI"

Ṣé o ti rí ìdí tí a fi ń ka ìlà ní mẹ́wàá mẹ́wàá? Kí àyè lè wà láàrin wọn fún irú ohun tí a bá rántí lẹ́yìn ni.

Ipò kejì àti ìkẹta yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òun ni ó sọ ẹni tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò pàdé lẹ́yìn náà. Bùlgáríà pàdé Mẹ́síkò, ó borí wọn nípa gbígbá pẹnáritì, ó tún na Jámánì, ó sì ṣe ipò kẹrin ní gbogbo ayé. Ajẹntínà tẹ̀ síwájú gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tí ó ṣe ipò kẹta dáadáa, ó pàdé Romaníà, wọ́n nà án ní 3 sí 2, ó lọ sílé. Nàìjíríà tí ó ṣe kìíní pàdé Ítálì. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a borí nígbà tí Roberto Baggio dá góòlù náà padà. Òun náà ni ó gbá èkejì ní àfikún àkókò. Ó ṣì ń dun àwọn àgbà títí di òní, bi bàbá rẹ wò.

Ohun kan kù. Ká ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ni o lo ètò yìí, nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré ti wáyé. Kí ni ìwọ yóò kọ sí ojú àwọn tí wọn kò tíì gbá? Bí o bá fi 0 sí i, kọ̀ǹpútà yóò rò pé wọ́n ti gbá a, wọ́n sì ta ọ̀mì, 0 sí 0. Yóò fún Bùlgáríà ní pọ́ìǹtì 2 àti Gíríìsì ní pọ́ìǹtì 2, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì kò tíì ní ẹyọ kan. "Kò gbá góòlù" yàtọ̀ sí "kò tíì gbá bọ́ọ̀lù." Nítorí náà, fi -1 sí ojú èyí tí kò tíì wáyé, nítorí pé kò sí ikọ̀ tí ó lè gbá góòlù tí ó kéré sí òdo. Lẹ́yìn náà, fi ìlà yìí kún un:

165 IF G(I,J) < 0 THEN 210

Wàyí o, iṣẹ́ tìrẹ ni ó kàn. Ní ọdún 1998, ní ilẹ̀ Faransé, Nàìjíríà tún wà ní ọ̀wọ́ D, pẹ̀lú Sípéènì, Paragúè àti Bùlgáríà. Èsì wọn nìyí: Paragúè àti Bùlgáríà ta ọ̀mì, 0 sí 0. Nàìjíríà na Sípéènì, 3 sí 2. Nàìjíríà na Bùlgáríà, 1 sí 0. Sípéènì àti Paragúè ta ọ̀mì, 0 sí 0. Paragúè na Nàìjíríà, 3 sí 1. Sípéènì na Bùlgáríà, 6 sí 1. Fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà, ya tábìlì rẹ̀, kí o sì kọ DATA mẹ́rin tuntun dípò ìlà 70 dé 100. Yọ ìlà 235 kúrò, ti ọdún 1994 ni. Àròpọ̀ ìbú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ 17, ti òòró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 17. Ikọ̀ méjì àkọ́kọ́ nìkan ni ó tẹ̀ síwájú ní ọdún náà. Wá ikọ̀ tí ó gbá góòlù wọlé jù lọ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o wo ipò tí ó wà, kí o sì fi tábìlì rẹ ṣàlàyé fún ẹni tí ó jókòó tì ọ́ ìdí tí ó fi jẹ́ pé òun ni ó padà sílé.